Òjìji Níbi Tí Kò Sí Nǹkan Kan

Ọjọ́ Ajé, 2 Èrèlé

Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé ìwádìí wa lónìí. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó fi bírò aláwọ̀ ewé rẹ̀ kọ "Ó tó" sí ẹ̀yìn ìwé, ó ní kí n lọ jẹun. Ìṣùpọ̀ gálásì, àwọn ìdìpọ̀ ìràwọ̀ ńlá tó ṣù jọ, 412 la rí. Iye tí gbogbo ayé ń retí kò ju 340 lọ. Bí tiwa bá dúró, a jẹ́ pé àgbáyé ti ṣù jọ ju bí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe sọ fún wa pé yóò ṣe lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa tún ìwé wọn kọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa kéde rẹ̀ ní ìpàdé ńlá ní 19 Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ kejì ló máa fẹ̀yìn tì.

Abẹ́rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ wa, náà máa dúró níwájú àwọn adánniwò fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 11 Ẹrẹ́nà. Orí mẹ́ta nínú márùn-ún ìwé rẹ̀ ló dúró lórí 412 yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ lọ́dún tó kọ́kọ́ dé, nítorí ó tín-ín-rín, àti nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè gún.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, àyẹ̀wò ibi òfìfo. Ọ̀gá ní kí n tún un ṣe lórí máàpù tuntun, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan sọ.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Àjà ọ́fíìsì mi ń jò sórí àwọn ìwé. Mo gbé garawa sí i.

Ọjọ́rú, 4 Èrèlé

Ìbéèrè, ọmọ mi, ti ilé ẹ̀kọ́ dé ṣáájú mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwa la fún un ní ìnagijẹ yẹn, àwa náà la ń jìyà ẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ tiẹ̀ ń wá níbi iṣẹ́ gan-an?"

"Òjìji."

"Òjìji kí ni?"

Mo ní kó wo ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa, gíláàsì ṣíṣú yẹn tí iná ń tàn lẹ́yìn ẹ̀. "Bí dádì ẹ bá dúró sẹ́yìn ẹ̀, ṣé wàá rí wọn?"

"Mi ò ní rí ojú wọn. Ṣùgbọ́n màá mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀."

"Bó ṣe rí nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tó ti ń rìn bọ̀ látìgbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ojú ọ̀run ló kún. Bó bá gba àárín ìṣùpọ̀ gálásì kọjá, gáàsì gbígbóná tó wà níbẹ̀ á da díẹ̀ nínú ẹ̀ rú, ibẹ̀ á sì ṣókùnkùn díẹ̀ lójú awò awọ̀nàjíjìn wa. A ò rí ìṣùpọ̀ yẹn o. Òjìji ẹ̀ la rí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ojú tiyín ló ṣókùnkùn?"

Bàbá ẹ̀ rẹ́rìn-ín débi tó fi gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo ṣàlàyé àyẹ̀wò náà fún un: a ó mú ibi ẹgbẹ̀ta tí àwọn awò míì ti wò fínnífínní tí wọn ò rí ìṣùpọ̀ gálásì kankan, a ó ní kí kọ̀ǹpútà wa wá òjìji níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan. Bó bá pọ̀ jù, méjì tàbí mẹ́ta, torí èèṣì.

"Tó bá wá rí i ńkọ́?"

Mo ní kó lọ fọ ọwọ́ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 Èrèlé

58.

Mo kọ́kọ́ rò pé 5 ni, pé ìka ló ṣèèṣì kan 8. Mo sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Òjìji méjìdínlọ́gọ́ta níbi tí kò sí nǹkan kan. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Ẹnì kan ń fi súfèé lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn, mo padà jókòó, mo sì fi fáìlì bo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wo ohun tí kò yẹ.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ara mi pé mo gbé fáìlì tí kì í ṣe òun fún kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Èrèlé

Mo tún un ṣe. 58.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Èrèlé

Mo ń lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, mo sì ń ṣe ìṣirò lọ́kàn. Méjìdínlọ́gọ́ta nínú ẹgbẹ̀ta. Bí irú ẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run wa yòókù, a jẹ́ pé àádọ́rin, ó kéré tán, nínú 412 wa ni irọ́. Mo yọ àádọ́rin kúrò. Ó ku 342.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí gbogbo ayé ń retí gan-an. Ìyàlẹ́nu wa tán síbẹ̀.

Mo jó ọrùn aṣọ náà.

Ọjọ́ Ajé, 9 Èrèlé

Abẹ́rẹ́ wọlé wá láìkanlẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe, ó na ìwé kan sí mi. Ojú ewé ìdúpẹ́ inú ìwé oyè rẹ̀ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àti Ọ̀gá, ìlà mẹ́ta sì tẹ̀ lé e fún mi. Ó ní èmi ni mo kọ́ òun láti má ṣe gba ohun tí ojú òun rí gbọ́ títí òun á fi dán an wò lọ́nà mẹ́ta.

"Àǹtí, ó dára àbí? Àbí ó ti pọ̀ jù?"

"Ó dára."

"Ṣé àyẹ̀wò ibi òfìfo ti jáde? Mo fẹ́ fi gíráàfù ẹ̀ sí orí kẹrin."

"Ó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ò yá."

Kò yẹ̀ mí wò lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbàgbọ́ tó ní nínú mi yẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Èrèlé

Ìyàwó Ọ̀gá pè mí lórí fóònù. Wọ́n kí mi, wọ́n kí ọkọ mi, wọ́n béèrè ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn wálẹ̀.

"Ìyá Ìbéèrè, mo mọ̀ pé ìwọ lo sún mọ́ wọn jù níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá yẹn, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ sí ìpayà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kí nǹkan kan yọ wọ́n lẹ́nu."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ọ̀gá pàdé mi lórí àtẹ̀gùn lọ́sàn-án. Ó ní àyẹ̀wò yẹn ńkọ́. Mo sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Irọ́ kejì láàárín ọjọ́ méjì, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo ṣe ń pa á. Mi ò mọ̀ pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Èrèlé

Ariwo ayọ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ kejì, àwọn tí awò tiwọn wà lórí òkè kejì, kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá pé àwọn náà rí i: ìṣùpọ̀ tiwọn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú tiwa. Abẹ́rẹ́ dì mọ́ mi. Wọ́n pín bisikíìtì.

Ọkàn mi kọ́kọ́ fúyẹ́. Bí àwọn yẹn bá rí i pẹ̀lú awò tiwọn, bóyá òótọ́ ni. Bóyá àyẹ̀wò mi gan-an ló bà jẹ́. Bí mo bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Fáìlì kan ni, èmi nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Mo fi bisikíìtì sẹ́nu, mo ń jẹ ẹ́, mo sì gbọ́ ara mi tí mò ń ro èrò yẹn.

Ẹ̀rù awò kọ́ ló ń bà mí mọ́. Ara mi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Èrèlé

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá Ìbéèrè ní kí ọmọ lọ ṣeré lọ́dọ̀ àwọn ará ilé kejì. Ó jókòó síwájú mi.

"Ìyá Ìbéèrè, ẹ̀ẹ̀mejì lo ti fi iyọ̀ sí tíì mi lọ́sẹ̀ yìí. Mo mu ti àkọ́kọ́. Mi ò lè mu ìkẹta. Kí ló dé?"

Mo sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí nọ́ńbà yẹn jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi ìka ti èérún búrẹ́dì kiri lórí tábìlì.

"Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ó ní, "mo pààrọ̀ ìgò ẹ̀jẹ̀ méjì. Obìnrin kan gba ìròyìn ayọ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀, ó sì lọ sílé. Mo rí àṣìṣe náà lọ́jọ́ kejì."

"Ẹ wá ṣe kí ni?"

"Mo lọ sọ. Wọ́n bú mi bí ẹni bú ewúrẹ́. Láàárín wákàtí méjì, wọ́n ti rí obìnrin náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀. Ara ẹ̀ yá. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn." Ó gbé ojú sókè. "Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mo kọ́kọ́ mú un mọ́ra fún odidi ọjọ́ kan. Mo ń fọ ìgò. Mo fọ gbogbo ìgò tó wà nínú yàrá yẹn, èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́. Ọjọ́ kan ni tèmi o. Tìẹ ti di mẹ́wàá."

"Ọ̀gá lè kú sí mi lọ́rùn."

"Wọ́n lè kú. Wọ́n sì lè dúró níwájú gbogbo ayé lọ́jọ́ tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì wọn, kí wọ́n sọ ohun tí kì í ṣòótọ́, kí ìwọ sì jókòó níbẹ̀ máa pàtẹ́wọ́."

Mo dìde, mo kó àwo lọ fọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16 Èrèlé

Mo ti sọ.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo wọlé. Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé, mo sì gbàgbé ìwé náà sórí tábìlì mi.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Àyẹ̀wò ibi òfìfo ti jáde."

"Mélòó?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀. Mo rò pé oògùn ọkàn ló ń wá, mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn láti sáré pe èèyàn. Áńkáṣíìfù ló mú jáde. Ó nu awò rẹ̀, apá kan, lẹ́yìn náà apá kejì.

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Ọjọ́ karùn-ún, sà."

Ó fi ìka kà á lórí tábìlì. "Ọjọ́ mọ́kànlá."

"Ẹ̀rù bà mí, sà. Màmá ní kí n má jẹ́ kí nǹkan kan yọ yín lẹ́nu, nítorí ọkàn yín."

"Ọkàn mi ni wọ́n tún ṣe. Wọn ò fọwọ́ kan ọpọlọ mi." Kò rẹ́rìn-ín. "Gbọ́, ọmọ yìí. Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ yìí. Èmi náà ṣe tèmi kí wọ́n tó bí ẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló wà lórí ìwé yẹn. O jẹ́ kí ọwọ́ mi wà lórí irọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá, o sì ń kí mi lórí àtẹ̀gùn."

Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta sí àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà jáde, pé kí wọ́n dá a dúró. Ó tẹ bọ́tìnnì níṣojú mi. Ó wá ní kí n pe Abẹ́rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún un fúnra mi.

"Kò gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀la," ó ní. "Má tún kọ́ ọmọ yẹn ní ohun tí o ṣe fún mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Èrèlé

Mo sọ fún Abẹ́rẹ́ nínú ọgbà, lórí bẹ́ǹṣì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ewé sí wa lẹ́sẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ nígbà tí mo fi ojú ewé ìdúpẹ́ yẹn hàn yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì ní ó dára."

"Mo ní ó dára."

Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó ń fa síìpù rẹ̀ lọ, ó ń fà á bọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde. "Ẹ ṣeun, Dókítà," ó ní, ó sì lọ.

Ọdún mẹ́rin ló ti ń pè mí ní Àǹtí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Èrèlé

A ń wá ohun tó ń ṣe é. Mo pín dátà sí ọdún kọ̀ọ̀kan, òjìji irọ́ wà nínú gbogbo wọn. Mo pín in sí àárọ̀ àti ọ̀sán, wọ́n wà nínú méjèèjì. Ẹlẹ́rọ orí òkè tí awò wa wà sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù ò ṣe ségesège kankan, pé kí n wá ẹ̀bi síbòmíràn, òun ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Ajé nítorí mi.

Ìlà ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka máàpù yẹn. Ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́. Mo ń kà á láti òkè wá. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń wò mí bí ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́ Ajé, 23 Èrèlé

Abẹ́rẹ́ wà ní yàrá kọ̀ǹpútà látàárọ̀, òun náà ń wá a. "Ẹ káàárọ̀, Dókítà." "Ẹ káàsán, Dókítà." Ó gé orúkọ yẹn mọ́ mi lára dáadáa.

Mo ń rò pé bí a bá rí i, ó lè jẹ́ pé kò sí ọ̀kan nínú 412 yẹn tó máa kù. Bí a kò bá rí i, ó tún burú ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́rú, 25 Èrèlé

A rí i.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni mo gbọ́ igbe láti yàrá kọ̀ǹpútà: "Àǹtí! Àǹtí, ẹ sáré wá!"

Mo sáré. Ó ti to àwòrán méjèèjìdínlọ́gọ́ta sójú kọ̀ǹpútà bí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

"Ẹ wò wọ́n. Kì í ṣe róbótó. Wọ́n fẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ààmì funfun kan wà níbẹ̀. Lọ́tùn-ún tàbí lósì. Kò sí ọ̀kan tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀."

Ọ̀tún sí òsì ni awò wa máa ń gbá ojú ọ̀run, bí ẹni ń gbálẹ̀. Bó bá kọjá lórí gálásì tó ń tàn yòò, ọ̀nà tá a fi ń fọ dátà mọ́ máa ń fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìdí nìyẹn tá a fi kọ́kọ́ máa ń bo gbogbo ohun tó ń tàn jù mọ́lẹ̀ kí a tó fọ̀ ọ́. Àwọn wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni ò bò wọ́n. Àbàwọ́n la ti ń kà sí òjìji.

"Lísìtì àwọn ohun tó ń tàn wo la fi bò wọ́n?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Tuntun. Èyí tó ní 2,310."

Ó ṣí ètò náà, ó wá ibi tó ti ń ka lísìtì. Ti àtijọ́ ni, èyí tí gbogbo èèyàn ń lò nígbà kan rí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju 1,146 lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìlà náà ni ẹni tó kọ ọ́ ti fi ọ̀rọ̀ kékeré sí: *Èyí ṣì ni o. Màá pààrọ̀ ẹ̀ lọ́la.*

Kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ ò tẹ̀ ẹ́. Ó sún ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Orúkọ mi ni. Ọ̀la yẹn ti pé ọdún méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Èrèlé

A tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló máa gbà. Wọ́n ti sún ìdánwò Abẹ́rẹ́ sí oṣù Okúdù. Ìyá rẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sílẹ̀. Mo ní kí n pè wọ́n láti tọrọ àforíjì, Abẹ́rẹ́ ní kí n jọ̀ọ́ má pè wọ́n, pé wọ́n á fi wákàtí kan gbàdúrà fún mi lórí fóònù.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá mi ṣàwàdà láti ọjọ́ náà. Mo lọ sunkún díẹ̀ ní ilé ìwẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá kò wá síbi iṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́wàá. Mo pe fóònù rẹ̀, ó ń dún lásán. Mo pe ìyàwó rẹ̀, wọn ò gbé e. Aago mọ́kànlá, mo wọ ọkọ̀ lọ sílé wọn. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń ro ohun tí màá sọ fún Màmá, pé èmi ni mo pa á.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú bí ẹni gbé bọ́ọ̀lù sẹ́nu. Eyín ló lọ yọ.

"Ṣé ó ti jáde?" ó ní, ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀.

"Rárá, sà."

"Kí lo wá wá?"

Mo ní mo ń kọjá lọ ni. Ilé wọn wà ní òpin títì tí kò lọ síbì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ẹrẹ́nà

Ó parí ní aago méjì ọ̀sán. Mi ò lè ṣí i. Abẹ́rẹ́ jókòó sórí àga mi, ó ṣí àyẹ̀wò ibi òfìfo, èmi sì kọjú sí fèrèsé. Ẹnì kan ń fọ mọ́tò nísàlẹ̀.

"Mélòó?"

"Méjì."

"Méjì péré?"

"Àǹtí, ẹ wá kà á fúnra yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kà á."

Méjì nínú ẹgbẹ̀ta. Èèṣì lásán. Ibi òfìfo ti ṣófo.

Ìṣùpọ̀ tó kù jẹ́ 338. Kò sí ìyàlẹ́nu kankan mọ́. Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ti sọ òótọ́ látìbẹ̀rẹ̀, àwa la kò gbọ́ dáadáa. Inú mi yẹ kó dùn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, ohun tí mò ń rò ni ìlà ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá yẹn, àti iye "ọ̀la" míì tí mo lè ti kọ sínú ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá ní kì í ṣe òun ló máa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Èmi ni.

Mo ní, "Sà, ẹ ṣàánú mi."

Ó ní, "Àánú náà nìyẹn."

Nínú 338 yẹn, ọ̀kan wà tí òjìji rẹ̀ jinlẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí awò kankan tó tíì wo ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti kọ̀wé sí àwọn tó ni awò aláwòrán ńlá kí wọ́n bá wa ya á. Ó fẹ́ fi dípò orí kẹrin tó bà jẹ́. Mi ò fẹ́ kó béèrè. Bí wọ́n bá ya á, tí ibẹ̀ ṣófo ńkọ́? Mi ò sọ ọ́ síta. Mo ti sọ̀rọ̀ ẹ̀rù mi tó fún oṣù méjì.

Ọjọ́bọ̀, 19 Ẹrẹ́nà

Gbọ̀ngàn náà gba ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, àwọn kan sì dúró. Wọ́n ti gbọ́ pé ìyàlẹ́nu ń bọ̀. Ọ̀gá jókòó ní iwájú, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Oṣù kan sẹ́yìn, a fẹ́ wá sọ fún yín pé ìṣùpọ̀ 412 la rí. Kì í ṣòótọ́. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà, mo sì fi pamọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn tí mo rí i."

N kò gbèrò láti sọ gbólóhùn kejì yẹn. Ó jáde fúnra rẹ̀. Mo fi àwọn àwòrán hàn wọ́n, àbàwọ́n, ìlà náà, àní ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà. Ó dà bí ẹ̀rín ẹni tó rántí ìlà tiẹ̀.

Nígbà tí mo parí, olórí ẹgbẹ́ kejì dìde lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Lísìtì wo lẹ ní ó wà níbẹ̀?"

Mo sọ orúkọ lísìtì náà àti ọdún rẹ̀.

"Èyí tó ní 1,146?"

"Òun ni, sà."

Kò jókòó. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń wo ojú ògiri tí àwòrán mi wà. Ó wá mú fóònù rẹ̀, ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jáde. Abẹ́rẹ́ wò mí láti ìlà kẹta. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Ẹrẹ́nà

Lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì. Lísìtì kan náà ni àwọn náà fi bo tiwọn. Wọ́n ti fa ìwé tiwọn sẹ́yìn, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn dúpẹ́, bí kò tilẹ̀ rọrùn fún àwọn láti dúpẹ́.

Mo ka lẹ́tà náà fún Bàbá Ìbéèrè nígbà tó ń bó iṣu. Ó ní, "Ká ní o dákẹ́ ńkọ́?"

Mo ti ń rò ó látàárọ̀. Ẹgbẹ́ méjì, awò méjì, iye kan náà. Gbogbo ayé ì bá ti gbà á gbọ́. Bóyá fún ọdún mẹ́wàá. Mo jókòó sílẹ̀ lórí àpótí nínú kíṣìnnì, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí lákọ̀tun.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Ẹrẹ́nà

Fọ́tò dé láàárọ̀ yìí.

Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì láti ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kí n tó dé ló ti wà nínú ọ́fíìsì mi, ó ní ìwé kan lòun gbàgbé. Kò wá ìwé kankan. Ó jókòó sórí àga àlejò, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Abẹ́rẹ́ ní, "Àǹtí, ẹ ṣí i."

"Ìwọ lo béèrè fún un. Ṣí i."

"Mi ò lè tẹ̀ ẹ́."

"Èmi náà ò lè tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ò lè tẹ bọ́tìnnì kan?" Ṣùgbọ́n òun náà ò dìde.

Mo tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà ń wá díẹ̀díẹ̀ láti òkè sísàlẹ̀. Dúdú. Dúdú. Ìràwọ̀ kan tó jẹ́ ti ìtòsí. Dúdú. Mo ti ń múra ohun tí màá sọ fún Abẹ́rẹ́, mo ti gbé ọwọ́ mi lé e léjìká. Àwòrán wá dé àárín.

Ààmì pupa kékeré kan. Òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n rọ́ wá, wọ́n fún mọ́ra bí èèyàn tó sá wọ abẹ́ ìbòrí kan nígbà òjò, gálásì lórí gálásì, gẹ́lẹ́ níbi tí òjìji wà. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn kí ayé wa tó wà.

Ọ̀gá bọ́ awò rẹ̀, ó tún un fi, ó sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. Abẹ́rẹ́ ti fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, ó ń kà wọ́n sókè bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó dé mọ́kàndínlógún, ohùn rẹ̀ já, Ọ̀gá sì bá a kà á lọ láti ogún.